Wọ́n fi mí ṣe olórí ẹ̀ka oúnjẹ aṣaralóore: níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

OlóríTuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn yín ni mo ń wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí ṣe olórí ẹ̀ka oúnjẹ aṣaralóore ní ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí a jọ ń ráhùn nípa ọ̀gá tẹ́lẹ̀, èmi ni ọ̀gá wọn báyìí. Iṣẹ́ fúnra rẹ̀ kò ṣòro fún mi: mo mọ bí a ṣe ń yẹ aláìsàn wò, mo mọ bí a ṣe ń ṣírò ohun tí ara rẹ̀ nílò. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ wa nílé ìwé bí a ṣe ń darí èèyàn.

Ohun mẹ́ta ló ń gbé mi lọ́kàn. Wọn kì í wọn àwọn aláìsàn nígbà tí wọ́n bá gbà wọ́n sí wọ́ọ̀dù. Àwọn nọ́ọ̀sì ní iṣẹ́ wa ni, àwọn tèmi ní iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni, ìgbà tí aláìsàn bá sì ti rù kan eegun ni wọ́n tó máa ń ránṣẹ́ pè wá. Èkejì, àwo oúnjẹ máa ń ṣìnà. Láìpẹ́ yìí, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ dáadáa gba àwo ẹlòmíì, ọmọ rẹ̀ tó wá kí i ló rí i pé kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló le jù. Ẹnì kan wà lábẹ́ mi tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ jù mí lọ, òun sì ni gbogbo èèyàn rò pé wọ́n máa gbé ipò yìí fún. Kì í bá mi jà o. Àmọ́ bí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípàdé, fóònù rẹ̀ ló máa ń wò, àwọn tó kéré á sì kọ́kọ́ wojú rẹ̀ kí wọ́n tó dá mi lóhùn.

Àwọn aláṣẹ ní kí n mú ìròyìn wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ń ṣe mí bíi kí n fún àwọn tó jẹ̀bi ní ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ, kí wọ́n lè mọ̀ pé nǹkan ti yí padà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

MàmáWọ́ọ̀dù
Ẹ kú oríire, àbúrò mi. Ọlọ́run á fún yín ní ọgbọ́n tí ẹ ó fi ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ yẹn sílẹ̀ ná. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni mo sì ń bójú tó wọ́ọ̀dù níbi iṣẹ́ mi. Kí ẹ tó sọ pé ẹnì kan kọ̀ láti wọn aláìsàn, ẹ lọ dúró sí wọ́ọ̀dù náà láàárọ̀, kí ẹ béèrè ibi tí ẹ̀rọ ìwọ̀n wà. Mo ti rí i níbi tí wọ́ọ̀dù méjì ti ń pín ìwọ̀n kan lò, tó jẹ́ pé inú yàrá tí wọ́n tì ló ń wà, kọ́kọ́rọ́ á sì wà lọ́wọ́ ẹni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá gbé e jáde tán, bátìrì rẹ̀ ti kú. Aláìsàn tí kò lè dìde dúró ńkọ́? Ìwọ̀n tó ṣeé jókòó lé kò sí. Nọ́ọ̀sì tó ń sáré láàárín ọ̀pọ̀ bẹ́ẹ̀dì á kọ "kò ṣeé wọ̀n" sínú fáìlì, á sì kọjá lọ fún ẹlòmíì lóògùn. Ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ kò lè ra bátìrì.

Ẹ tún wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń gba aláìsàn wọlé. Ojú ewé wo ni àyè ìwúwo wà? Bó bá wà níparí, lẹ́yìn orúkọ ìbátan àti nọ́ńbà fóònù, ẹ má retí pé ẹnikẹ́ni á débẹ̀ lóru. Ẹ bá olórí àwọn nọ́ọ̀sì sọ ọ́, kí ẹ jọ gbé e síwájú.

Ọ̀gáÀtijọ́
Mo gbà pẹ̀lú MàmáWọ́ọ̀dù lórí ìwọ̀n. Mi ò gbà pẹ̀lú rẹ̀ pé kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ pátápátá.

Ẹni tí kò ní irinṣẹ́ yàtọ̀ sí ẹni tó ní irinṣẹ́, tí wọ́n ti kọ́, tí wọ́n ti rán létí, tó sì tún fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Bí ẹ bá fi ojú kan náà wo àwọn méjèèjì, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ kára gan-an ni ọkàn wọn á kọ́kọ́ rẹ̀wẹ̀sì. Torí náà, ìwé ní àyè tirẹ̀. Òun ló kẹ́yìn, lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi ọ̀nà hàn tán.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun ni ẹni tó ń pàṣẹ fún ta. Henri Fayol, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Faransé, kọ ọ́ ní 1916 pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló yẹ kí òṣìṣẹ́ kan máa gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo àwọn tó ń bá yín gbé àwo lọ sí wọ́ọ̀dù. Ta ló ń kọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣiṣẹ́? Ta ló ń fún wọn láyè ìsinmi? Ta ló ń rán wọn níṣẹ́ bí wọ́n bá dé wọ́ọ̀dù? Bó bá jẹ́ ilé ìdáná ló ń sanwó iṣẹ́ wọn, tí ẹ̀ka yín ń tọ́ wọn sọ́nà, tí nọ́ọ̀sì sì ń rán wọn lọ gba èsì àyẹ̀wò, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ àwo tó ṣìnà kì í ṣe ti ìwà. Ẹ ya á sórí ìwé, kí ẹ gbé e lọ bá àwọn aláṣẹ. Iṣẹ́ olórí nìyẹn, ọmọ abẹ́ yín kò lè ṣe é fún yín.

ÀgbàAlásè
Ẹ jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí iná náà sọ tẹnu rẹ̀. Ilé ìdáná ilé ìwòsàn ni mo ń bójú tó, ó sì dùn mí pé bí àwo bá ti ṣìnà, orí alásè ni gbogbo èèyàn máa ń dì í lé. Ibi mẹ́ta ni nǹkan ti lè bàjẹ́ kí oúnjẹ tó dé iwájú aláìsàn.

Ibi kìíní ni àṣẹ tó wá láti wọ́ọ̀dù. Dókítà yí oúnjẹ aláìsàn padà ní agogo mọ́kànlá, nígbà tí a ti ń bu oúnjẹ sínú àwo. Nọ́ọ̀sì pe ilé ìdáná lórí fóònù, ẹni tó sún mọ́ fóònù jù ló gbé e, ariwo ìkòkò ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n sọ pé bẹ́ẹ̀dì mọ́kàndínlógún, ó gbọ́ mọ́kànlá. Àwo méjì ti ṣìnà nìyẹn, a ò tíì gbé ẹsẹ̀ kúrò nílé ìdáná. Níbi tiwa, a fi àkókò kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé lẹ́yìn rẹ̀, àyípadà kankan kò gbọdọ̀ wá láìsí àkọsílẹ̀. Bó bá di dandan kó jẹ́ orí fóònù, ẹni tó gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ka ohun tó kọ padà fún ẹni tó pè. Orúkọ aláìsàn àti nọ́ńbà fáìlì rẹ̀ la ń lò, a kì í lo nọ́ńbà bẹ́ẹ̀dì mọ́, torí wọ́n máa ń ṣí aláìsàn nípò.

Ibi kejì ni ìparí ìlà ibi tí a ti ń bu oúnjẹ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró síbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tó ní ni kó fi ìwé tó wà lórí àwo wé ohun tó wà nínú àwo. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìdáná, ẹni yẹn náà ló tún ń bu oúnjẹ, òun ló tún ń to ṣíbí. Ojú èèyàn kan kò lè wà níbi mẹ́ta.

Ibi kẹta ni ọ̀nà. A gbé kẹ̀kẹ́ oúnjẹ dé ẹnu wọ́ọ̀dù, ó sì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí oúnjẹ fi tutù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ọ́ kedere: oúnjẹ gbígbóná kò gbọdọ̀ tutù ju 60°C lọ kí a tó jẹ ẹ́, èyí tó yẹ kó wà nínú fíríìjì kò sì gbọdọ̀ kọjá 5°C. Ẹ béèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ìgbóná oúnjẹ sí. Bí ẹ bá rí 52, 51, 54 lójoojúmọ́, tí kò sí ìlà kan tó sọ ohun tí wọ́n ṣe nípa rẹ̀, ìwé yẹn kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. HACCP tí gbogbo wa ń dárúkọ, ìyẹn ètò tí a fi ń wá ibi tí ewu ti lè wọ inú oúnjẹ kí a lè dí i, bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, nígbà tí iléeṣẹ́ oúnjẹ Pillsbury àti NASA, àjọ òfuurufú Amẹ́ríkà, ń wá oúnjẹ tí kò ní pa àwọn tó ń lọ sójú òfuurufú lára. Ìlànà méje ló ní. Ìkarùn-ún ni pé kí a ti pinnu ṣáájú ohun tí a máa ṣe bí nǹkan bá kọjá ààlà tí a fi lélẹ̀. Ìlànà yẹn ni mo máa ń rí pé wọ́n fò, torí ó ń béèrè pé kí ẹnì kan ní agbára láti sọ pé "ẹ má gbé àwo wọ̀nyí lọ." Ṣé alásè yín ní agbára yẹn? Tàbí wọ́n á bú u pé oúnjẹ pẹ́?

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Crimea, ní 1855, Alexis Soyer, alásè ará Faransé tó gbajúmọ̀ ní London, lọ sí ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Scutari. Ó rí i pé wọ́n ń di ẹran pọ̀ dan-in dan-in kí wọ́n tó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná, àárín rẹ̀ kì í jinná, wọ́n á sì da omi tí wọ́n fi sè é nù. Ó tún ìlànà oúnjẹ ilé ìwòsàn náà kọ, ó sì kọ́ àwọn ọmọ ogun ní iṣẹ́ ìdáná. Ètò ló kọ́kọ́ tún ṣe.

Olórí Tuntun, ẹ má bínú sí ìbéèrè mi: ìgbà wo lẹ wọ ilé ìdáná yín kẹ́yìn tí kì í ṣe ẹjọ́ lẹ gbé wá? Ẹ pe alásè yín sí ìpàdé. Ó mọ ohun tí ẹ kò mọ̀.

MàmáWọ́ọ̀dù
Ọ̀gá Alásè, òótọ́ ni pé kẹ̀kẹ́ máa ń dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dá a dúró. Àkókò tí oúnjẹ ń dé gan-an ni àwọn dókítà ń yí wọ́ọ̀dù ká, ìgbà yẹn náà ni wọ́n ń wá gbé aláìsàn lọ ya fọ́tò inú ara. Ta ló máa pín oúnjẹ? Aláìsàn tí ọwọ́ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́, tí kò lè ṣí ìdérí àwo, á máa wò ó títí wọ́n fi wá kó o padà, wọ́n á sì kọ "kò fẹ́ jẹun."

Ní àwọn ilé ìwòsàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti gbé ètò kan kalẹ̀ tó ń dáàbò bo àkókò oúnjẹ: bó bá ti tó àkókò, iṣẹ́ tí kì í ṣe ti pàjáwìrì á dúró. Àwọn kan tún ń lo àwo pupa fún ẹni tó nílò kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti jẹun, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ lè mọ̀ láìbéèrè. Olórí ẹ̀ka oúnjẹ nìkan kò lè pàṣẹ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ nílò olórí nọ́ọ̀sì àti olórí dókítà, kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta buwọ́ lù ú.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìlera
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ní ti àyẹ̀wò, MUST ni wọ́n kọ́ wa, ìyẹn fọ́ọ̀mù tó ń fún aláìsàn ní máàkì láti fi mọ̀ bóyá àìjẹunrekánú ń wu ú léwu. Ẹni tó bá ti gba 1 wà nínú ewu ńlá, kí wọ́n tètè ránṣẹ́ pe onímọ̀ oúnjẹ.

Onímọ̀Oúnjẹ
Àbúrò mi, ẹ ṣeun, àmọ́ rárá o. Nínú MUST, 0 ni ewu kékeré, 1 ni ewu àárín, 2 sókè ni ewu ńlá. Ẹni tó gba 1, wọ́n á máa kọ ohun tó ń jẹ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n á sì tún un yẹ̀ wò. Bí ẹ bá ní kí wọ́n pe onímọ̀ oúnjẹ fún gbogbo ẹni tó gba 1, àwọn èèyàn díẹ̀ tó wà ní ẹ̀ka OlóríTuntun kò ní lè simi, ẹni tó gba 4 á sì máa dúró lórí ìlà.

Ohun mẹ́ta péré ló ń wò. BMI, ìyẹn ìwúwo èèyàn tí a fi wé gíga rẹ̀: òkè 20 jẹ́ 0, láti 18.5 dé 20 jẹ́ 1, ìsàlẹ̀ 18.5 jẹ́ 2. Ìwúwo tó lọ láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìjẹ́ pé èèyàn fẹ́ fọ̀n: kò tó ìdá 5 nínú 100, ó jẹ́ 0, 5 dé 10, ó jẹ́ 1, ó ju 10 lọ, ó jẹ́ 2. Ẹ̀kẹta ni àìsàn líle tí kò jẹ́ kó jẹun rárá, tàbí tí kò ní jẹ́ kó jẹun fún ohun tó ju ọjọ́ márùn-ún lọ, 2 nìyẹn. Nọ́ọ̀sì tó ti ń ṣe é déédéé kò ní pẹ́ lórí rẹ̀.

Lórí ẹni tí kò lè dìde tí MàmáWọ́ọ̀dù mẹ́nu bà: ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ "kò ṣeé wọ̀n" mọ́. Téèpù ìwọ̀n aṣọ tó ní sẹ̀ǹtímítà tó fún apá òkè. Bí àárín apá náà kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí BMI rẹ̀ má tó 20. Téèpù kì í ṣe nǹkan tí èèyàn máa dúró de ìgbìmọ̀ tó ń ra nǹkan fún.

OlóríTuntun
Ẹ ṣeun gan-an. Mo lọ sí wọ́ọ̀dù kan lẹ́yìn tí mo ka ọ̀rọ̀ MàmáWọ́ọ̀dù. Ìwọ̀n wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ wọ́n ti kó páálí ìbọ̀wọ́ lé e lórí. Ìdáhùn tí mo gbọ́ ni pé "a rò pé ẹ̀yin lẹ ni ín."

Ọ̀gá Alásè, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Alásè wa kì í wá sípàdé torí wọn kì í pè é. Mo ti ránṣẹ́ sí i.

Ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó wà lábẹ́ mi náà. Òun ló mọ̀ nípa bí a ṣe ń fi ọ̀pá, ìyẹn rọ́bà tín-ín-rín tó ń gba imú tàbí ikùn wọlé, fún aláìsàn lóúnjẹ jù nínú gbogbo wa.

Ẹ̀kaÒṣìṣẹ́
Ìlà ìkẹyìn yín yẹn ni ìdáhùn wà. Ẹ lọ bá a, ẹ̀yin méjèèjì nìkan. Kì í ṣe kí ẹ pè é wá jókòó níwájú tábìlì yín, níbi tí ẹ̀yin wà lórí àga ńlá. Ẹ má sọ pé "mo mọ̀ pé inú ń bí yín." Ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì béèrè ohun tí òun ì bá kọ́kọ́ tún ṣe bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fún nípò. Kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ti jókòó láàárín irú ìjà báyìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó sì máa ń dun àgbà jù ni pé kò sẹ́ni tó bi òun léèrè ohunkóhun látìgbà tí wọ́n ti fi ẹlòmíì jẹ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fún un ní iṣẹ́ tó ní àṣẹ nínú. Kó kọ ìlànà fífi ọ̀pá fúnni lóúnjẹ fún gbogbo ilé ìwòsàn, kó jẹ́ òun ló máa kọ́ àwọn tuntun, kó jẹ́ òun ló máa sọ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n ṣe àti ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìlànà náà.

Ọ̀gáÀtijọ́
Ẹ ṣọ́ra o. Mo ti rí i níbi tí olórí tuntun ti fi oyè "igbákejì" tu àgbà nínú, tí kò sí iṣẹ́ kankan nídìí rẹ̀. Láàárín oṣù díẹ̀, àwọn èèyàn pín sí méjì, apá kan ń gbọ́ ti olórí, apá kejì ń gbọ́ ti igbákejì. Kí ẹ fún un níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ kí ẹ sọ ibi tí àṣẹ rẹ̀ parí sí, kí gbogbo ẹ̀ka gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ fóònù nípàdé yẹn náà, ẹ bá a sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀, lẹ́ẹ̀kan, láì yí i po. Bí ẹ bá gbójú fò ó, àwọn tó kéré ń kọ́ ẹ̀kọ́ lára rẹ̀.

Ẹ̀kaÒṣìṣẹ́
Ẹ̀gbọ́n, a kò jìnnà síra. Mi ò dárúkọ oyè kankan. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín ni pé mi ò ní dá ọ̀rọ̀ fóònù sílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá jókòó pọ̀. Kó kọ́kọ́ rí i pé wọ́n gbọ́ ohun tó sọ, kó rí ọ̀kan nínú rẹ̀ tó di ṣíṣe. Bó bá ṣì ń wo fóònù lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ọ́.

DókítàInú
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Dókítà tó ń tọ́jú àìsàn inú ara ni mí, ohun méjì ni mo fẹ́ sọ.

Àwọn onímọ̀ oúnjẹ máa ń kọ ojú ewé kan gbáko sínú fáìlì. Ohun tí wọ́n fẹ́ kí n ṣe á wà ní ìlà ìkẹyìn, lẹ́yìn ìṣirò. Ní ìgbà tí mo bá ń sáré, mi ò ní débẹ̀. Ìlànà SBAR tí àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà ń lò nínú ọkọ̀ abẹ́ omi, tí àwọn ilé ìwòsàn wá gbà lò, dára fún èyí: ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ohun tí ẹ rò pé ó fà á, ohun tí ẹ fẹ́ kí n ṣe. Gbólóhùn kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tó. Kí olórí kọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ láti máa sọ ọ́ lẹ́nu náà, kí ọmọ kékeré inú ẹ̀ka lè dá mi dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láì máa gbọ̀n.

Èkejì kan ọ̀rọ̀ pínpín iṣẹ́. Inú mi dùn pé ẹ fẹ́ kí nọ́ọ̀sì àti olùrànlọ́wọ́ máa ṣe àyẹ̀wò. Àmọ́ ẹ kọ ohun tí kò ṣeé pín sílẹ̀. Ẹni tí kò jẹ ohunkóhun tó nítumọ̀ fún ohun tó lé ní ọjọ́ mẹ́wàá, tàbí tí BMI rẹ̀ kò tó 16, bí ẹnì kan bá fi àánú fún un lóúnjẹ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, èròjà phosphate, potassium àti magnesium inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì, ọkàn rẹ̀ lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Ìlànà NICE, àjọ tó ń kọ ìlànà ìtọ́jú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó jáde ní 2006, sọ pé kí a má bẹ̀rẹ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ohun tó ju kálórì 10 fún kílò kọ̀ọ̀kan lóòjọ́ lọ, kí thiamine (fítámì B1) sì ti wọlé ṣáájú. Olùrànlọ́wọ́ kò gbọdọ̀ dá ìpinnu yẹn ṣe. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ dá àwọn àmì náà mọ̀, kó sì mọ ẹni tí yóò pè, títí kan alẹ́ ọjọ́ Sátidé. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ sára ògiri.

Akáwó
Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìròyìn oṣù mẹ́ta, torí ọ̀dọ̀ wa ló ń dé sí. Ẹ má kọ pé "a ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin." Kò sí ohun tí a lè fi ìyẹn ṣe. Ẹ sọ iye aláìsàn tí wọ́n gbà wọlé, iye tí wọ́n yẹ̀ wò láàárín wákàtí 24, iye tó gba 2 sókè nínú wọn, àti iye tí onímọ̀ oúnjẹ rí nínú àwọn yẹn. Ẹ sọ iye àwo tó ṣìnà nínú 1,000. Kí ẹ ka gbogbo rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ tó yí ohunkóhun padà. Bí ẹ kò bá mọ ibi tí ẹ ti ń bọ̀, a ò ní lè gbà pé ẹ ti rìn.

Ẹ tún wọn oúnjẹ tó ń padà wá láìjẹ, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Owó oṣù àti owó ríra oúnjẹ ló ń jẹ owó jù ní ilé ìdáná. Bí ẹ bá béèrè owó ìwọ̀n tó ṣeé jókòó lé, tí ẹ sì fi owó oúnjẹ tí wọ́n ń dà nù lóṣù kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìwé yín kò ní pẹ́ lórí tábìlì.

Onímọ̀Oúnjẹ
Akáwó, mo fẹ́ràn àwọn nọ́ńbà yẹn, àmọ́ kí OlóríTuntun ṣọ́ra fún wọn. Bí ẹ bá tẹ àwọn èèyàn mọ́ ògiri nítorí nọ́ńbà, nọ́ńbà á wá. Ẹ mú fọ́ọ̀mù ogún, kí ẹ ka ìwúwo tó wà lórí wọn. Bó bá jẹ́ 60, 65, 70, 55, 80, tí gbogbo rẹ̀ parí sí 0 tàbí 5, wọn ò gun ìwọ̀n, ojú ni wọ́n fi wọ̀n wọ́n. Ìwọ̀n gidi máa ń ní 63.4 nínú.

Bákan náà ni àwo tó ṣìnà. Amy Edmondson, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Harvard, ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 1996 lórí àṣìṣe oògùn ní àwọn wọ́ọ̀dù. Ó retí pé wọ́ọ̀dù tí wọ́n ń darí dáadáa á ní àṣìṣe díẹ̀. Òdì kejì ló bá: àwọn ni àkọsílẹ̀ àṣìṣe wọn pọ̀ jù. Ìtumọ̀ tó fún un ni pé níbi tí ọ̀gá kì í ti í gbá èèyàn létí fún òótọ́, àwọn èèyàn máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Torí náà, bí iye àwo tó ṣìnà bá lọ sókè ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ ti sọ fún àwọn aláṣẹ ṣáájú pé ó máa lọ sókè, kí ẹ sì sọ ìdí rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fara mọ́ MàmáWọ́ọ̀dù lórí ìwé wá-wí-tẹnu-ẹ. Lọ́jọ́ tí ẹ bá fún ẹni àkọ́kọ́ tó jẹ́wọ́ ní ìwé, ẹ kò ní gbọ́ nípa àwo kejì mọ́.

Ọ̀gáÀtijọ́
Ìyẹn ye mi. Mo dín ọ̀rọ̀ mi kù sí ibì kan: ẹni tó fi àṣìṣe pa mọ́, òun ni kí ẹ fún níwèé. Ẹni tó sọ ọ́, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo èèyàn.

Akẹ́kọ̀ọ́Ìlera
Ẹ ṣeun fún àtúnṣe, ẹ̀yin àgbà. Ṣé gbogbo wọ́ọ̀dù ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Onímọ̀Oúnjẹ
Rárá. Wọ́ọ̀dù kan, níbi tí olórí nọ́ọ̀sì ti fẹ́ ẹ. Ẹ gbìyànjú fọ́ọ̀mù náà lórí aláìsàn márùn-ún péré, kí ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn tó lò ó, kí ẹ yí ohun tó dí wọn lọ́wọ́ padà, kí ẹ tún gbìyànjú. Ìyípo tí Deming, ará Amẹ́ríkà tó kọ́ni nípa bí iṣẹ́ ṣe ń dára sí i, kọ́ ayé nìyẹn, òun fúnra rẹ̀ sì sọ pé ọ̀dọ̀ Shewhart tó ṣáájú òun lòun ti rí i. Bí wọ́n bá rí i pé ó rọrùn níbẹ̀, wọ́ọ̀dù tó kù á béèrè fún un.

OlóríTuntun
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣeun. Mo ti pinnu. Wọ́ọ̀dù tí ìwọ̀n wà lábẹ́ páálí ìbọ̀wọ́ ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí olórí nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ló pè mí padà fúnra rẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, kíkà nìkan: àwọn tó wọlé, àwọn tí wọ́n wọ̀n, àwo tó ṣìnà, oúnjẹ tó padà. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n níbi tó ti ń ṣiṣẹ́. Mo béèrè ohun tí Ẹ̀kaÒṣìṣẹ́ sọ. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní àkọ́kọ́ tí òun máa tún ṣe ni pé kò sẹ́ni tó ń fọ ọ̀pá oúnjẹ dáadáa lóru. Ohun mẹ́fà ló sọ. Mo kọ gbogbo rẹ̀. A máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ọ̀pá yẹn, òun ló sì máa darí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ló kù: àkókò wo ni kí n fi ìpàdé pẹ̀lú ilé ìdáná sí, tí kò ní dí wọn lọ́wọ́?

ÀgbàAlásè
Lẹ́yìn tí àwo ọ̀sán bá ti padà, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ti alẹ́. Ilé ìdáná ni kí ẹ ti ṣe é, kì í ṣe ọ́fíìsì yín, kí ẹ má sì jẹ́ kó ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹ mú ìwé ìgbóná oúnjẹ ọ̀sẹ̀ yẹn dání. Kí ẹni tó máa ń dúró ní ìparí ìlà wà níbẹ̀, kí ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

MàmáWọ́ọ̀dù
Kí nọ́ọ̀sì kan láti wọ́ọ̀dù yẹn náà bá yín lọ. Èyí tó máa ń gbé fóònù sí wọn ni kí ẹ mú.